Ẹ̀rọ Ní Mi Ò Sí Nílé

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejì

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé orúnkún yín ti ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu? Èmi wà dáadáa. Òtútù ibí ti ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo sì ti bọ́ ọ̀kan nínú ẹ̀wù mẹ́ta tí mò ń wọ̀ lé ara wọn.

Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ kí n máa sọ ọ̀rọ̀ pàtàkì lórí fóònù. Ẹ ní fóònù máa ń jẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, pé lẹ́tà ni èèyàn lè tún kà lẹ́ẹ̀kejì kó tó bínú. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ẹ ó rántí àdéhùn wa nígbà tí Bàbá kú. A ní níwọ̀n ìgbà tí inṣọ́ránsì bá ṣì wà lórí ilé, kò sẹ́ni tó máa yọ yín níbẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá sí mọ́, ẹ ó kó ẹrù yín, ẹ ó wá máa bá mi gbé níbí. Ẹ bọ̀ mí lọ́wọ́ lé e lórí. Mò ń rán yín létí torí pé nǹkan ti ń yí padà nídìí iṣẹ́ yìí. Ẹ̀ka tí mo wà níbi iṣẹ́ báyìí, ọjọ́ iwájú inṣọ́ránsì ilé nìkan la ń gbé yẹ̀ wò. Ìjì ń pọ̀ sí i. Omi ń wọ ilé àwọn èèyàn níbi tí kò dé rí. Owó tí àwọn ilé iṣẹ́ ń san fún àwọn tí ilé wọn bàjẹ́ ti fẹ́ máa ju owó tó ń wọlé fún wọn lọ. Nítorí náà, owó ọdọọdún ń gòkè níbi gbogbo, àwọn mìíràn sì ti ń sá fún àdúgbò tó bá sún mọ́ odò. Títì yín ò jìnnà sódò, Màmá.

Ọ̀nà kan wà tá a lè gbà. Nínú páálí tó bá lẹ́tà yìí wá, ẹ ó rí ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tó tó àtẹ́lẹwọ́. Ilé iṣẹ́ wa ló ń ṣe é, ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì tiyín náà sì ti ń rà á lọ́wọ́ wa. Ẹ ní kí ẹni tó ń bá yín tún páìpù ṣe so ó mọ́ páìpù ńlá tó gbé omi wọlé. Ńṣe ló máa ń gbọ́ bí omi ṣe ń lọ. Tí páìpù bá bẹ́ tàbí tó ń jò, á ta wọ́n lólobó kí ògiri tó jẹrà. Ilé tó bá ní i, tí omi ò sì ṣòfò níbẹ̀, wọ́n á dín owó rẹ̀ kù, wọn ò sì ní tètè já a jù sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tọ́jú ẹ̀ sínú àpótí bí ẹ ṣe ṣe aṣọ tí mo fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá.

Ọmọ yín tó ń ro yín.

*

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta

Ọkọ mi,

Mo kí ẹ lẹ́ẹ̀kan, mo kí ẹ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kẹta jẹ́ ti òtútù tó ń bá ẹ fà á. Orúnkún mi ṣì wà níbi tí Ọlọ́run fi í sí, kò tíì lọ síbì kan.

Páálí dé. Ìyá Oníbúrẹ́dì tá a jọ pààlà ló bá mi gbà á, ó sì gbé e sétí wò bóyá kò ní bú gbàmù. Ẹni tó ń tún páìpù ṣe ti so ó mọ́ ẹ̀yìn ilé ìdáná. Iná kékeré aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú lára ẹ̀. Ọkùnrin náà ní ó ti ń gbọ́ nǹkan. Mo ní kí ló ń gbọ́? Ó ní omi. Mo ní ṣé omi nìkan? Kò mọ̀. Ìwọ lo máa dá mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ tí èmi àti Ìyá Oníbúrẹ́dì máa ń sọ nínú ilé ìdáná yẹn, kò yẹ kó dé etí oníṣọ́ránsì kankan.

O wá ní ẹ̀ka ọjọ́ iwájú lo wà. Ó dáa. Ẹ̀mí rẹ á gùn débẹ̀. Àmọ́ kí n sọ nǹkan kan fún ẹ. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún gbẹ̀bí kí n tó fẹ̀yìn tì, mi ò sọ fún aboyún kan rí pé akọ ló gbé tàbí abo. A kì í ka oyún inú mọ́ ọmọ. Bí òní ṣe rí, ọ̀la ò ní rí bẹ́ẹ̀, ìyẹn nìkan ni mo mọ̀ nípa ọjọ́ iwájú, wọn ò sì sanwó oṣù fún mi lórí ẹ̀.

Àdéhùn wa, mo rántí. Orí mi ò tíì dàrú. Mo kàn ṣàkíyèsí pé o rán mi létí ẹ̀ kó o tó béèrè pé báwo ni ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Èmi àti bàbá rẹ la fọwọ́ ara wa po sìmẹ́ńtì ilé yìí. Ní yàrá iwájú, tó o bá wo ìsàlẹ̀ ògiri dáadáa, wàá rí ibi tó fi ìka kọ ọdún tá a parí ẹ̀ sí. Tó o bá fẹ́ kí n kúrò níbẹ̀, wá sọ ọ́ lójú mi.

Bá mi wá dígí ojú tó nípọn díẹ̀. Eléyìí ti ń fi lẹ́tà méjì hàn mí níbi tí ọ̀kan wà.

Ìyá rẹ ni.

*

Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹrin

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ má bínú pé mi ò béèrè ẹ̀jẹ̀ ríru. Báwo ló ṣe wà? Dígí ojú wà nínú àpò tí mo fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé.

Ẹ̀rọ náà kì í gbọ́ ẹnu. Omi nìkan ló ń gbọ́. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, ẹ̀yin àti Ìyá Oníbúrẹ́dì.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ibi tí ayé ń lọ fún yín, kẹ́ ẹ má baà rò pé àròsọ ni mò ń ṣe jẹun. Tẹ́lẹ̀, ọdún tí wọ́n kọ́ ilé àti ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ ni wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó fi iye kan lé e. Ní báyìí, àwòrán òrùlé ni wọ́n ń yà láti ojú ọ̀run, wọ́n á rí páànù tó ti dípẹtà láìtẹ ẹsẹ̀ sí àgbàlá onílé. Irú inṣọ́ránsì kan tún ti dé tó jẹ́ pé tí atẹ́gùn bá ti le dé ìwọ̀n kan, owó ti wọlé fún ẹ nìyẹn, kò sí pé ò ń bẹ ẹnikẹ́ni. Ilé tó bá ń tọ́jú ara ẹ̀, owó rẹ̀ á máa wálẹ̀. Èyí tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ á máa gòkè títí apá onílé ò fi ní ká a mọ́. Ibi tá à ń lọ nìyẹn, kò sì burú, torí pé ẹni tó da omi síwájú ló máa tẹ ilẹ̀ tútù.

Ní oṣù Kẹsàn-án, èmi ni màá sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọ̀gá pátápátá. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni bóyá kí ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ máa pinnu ẹni tá a máa bá lọ àti ẹni tá a máa fi sílẹ̀, láìsí èèyàn kankan láàárín. Èmi rò pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kì í ṣojúsàájú.

Ẹ sáà rántí ohun kan. Bí omi bá ṣe ń lọ níwọ̀nba tó, bẹ́ẹ̀ ni owó yín á ṣe máa wálẹ̀.

Ọmọ yín.

*

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Karùn-ún

Ọkọ mi,

Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń ríru bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Dígí ojú dé, mo sì ti fi rí i pé ilé mi dọ̀tí ju bí mo ṣe rò lọ. O ṣeun, wàá jèrè ara.

Mo ka lẹ́tà rẹ fún Káńfíntà tó ti fẹ̀yìn tì, èyí tó ń gbé lókè títì wa. Nígbà tí mo dé ibi àwòrán láti ojú ọ̀run, ó ní kí wọ́n máa sọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ kí òun lè gbá orí páànù òun. Ẹ̀rọ tí kì í ṣojúsàájú tó o sọ, mo gbọ́. Ẹni tí kò lójú, báwo ló ṣe máa ṣojúsàájú?

Ní ti omi, fọkàn balẹ̀. O mọ̀ mí, mi kì í ṣe nǹkan ní ìdajì. Ohun tí mo ṣe sílé yìí láti ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ ti dé, àwọn ọ̀gá rẹ pàápàá á gbọ́ ọ. Má tíì béèrè. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi iye owó tuntun ránṣẹ́, wàá mọ̀ pé ìyá kan ló bí ẹ. Orúnkún mi ń ráhùn díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n mo ti ní kó mú un mọ́ra.

Ta ló ń bá ẹ fọ aṣọ? Àwòrán tó o fi ránṣẹ́, ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ò mọ́.

Ìyá rẹ.

*

Ọjọ́ kejì, oṣù Keje

Ìwọ ọmọ mi,

Mi ò kí ẹ.

Ìwé kan wá láti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣọ́ránsì. Wọ́n ní gẹ́gẹ́ bí ìròyìn tó dé etí wọn, ó ti pẹ́ díẹ̀ tí kò ti séèyàn nínú ilé mi. Wọ́n ní àwọn kì í dáàbò bo ilé tó ṣófo. Ìparí oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n á yọwọ́, pé ó dìgbóṣe.

Inú ilé tí wọ́n ní kò séèyàn ni mo jókòó sí tí mo ka ìwé náà.

Ta ló gbé ìròyìn lọ bá wọn? Èèyàn méjì ló mọ̀ pé ọjọ́ tí inṣọ́ránsì bá kúrò lórí ilé yìí ni mo máa di ẹrù mi. Ọ̀kan nínú wọn lèmi, mi ò sì sọ fún ẹnì kankan pé mo ti kó jáde. Èkejì ni ìwọ, iṣẹ́ rẹ sì ti jẹ́ kó o mọ ẹnu tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ kí ìyá òun wá sọ́dọ̀ òun, ńṣe ló máa ń wá mú un. Kì í tú ilé mọ́ ọn lórí.

Ó dùn mí wọnú egungun. Má pè mí, mi ò ní gbé e.

*

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Keje

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọkàn mi ò balẹ̀ bí mo ṣe ń kọ eléyìí.

Níbo lẹ̀ ń sùn? Orúkọ mi ló wà lọ́dọ̀ àwọn oníṣọ́ránsì pé kí wọ́n kàn sí tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ilé, nítorí náà àtẹ̀jíṣẹ́ kan dé sórí fóònù mi. Wọ́n ní láti ìparí oṣù Kẹrin, omi ò fi bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ nínú ilé, pé láti oṣù Karùn-ún kò lọ rárá. Kò sí ẹni tó wẹ̀, kò sí ẹni tó fọ abọ́. Mo ka lẹ́tà yín tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ò sọ pé ẹ rìnrìn àjò.

Tó bá jẹ́ àìsàn ni, tó jẹ́ pé ọsibítù lẹ wà tẹ́ ẹ sì ń fi pa mọ́ fún mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́. Tó bá sì jẹ́ pé ẹnì kan wà tẹ́ ẹ ń lọ bá, ẹ sọ ìyẹn náà. Bàbá ti kú tipẹ́, èmi kì í ṣe ọmọdé mọ́, mi ò ní bínú. Mo kàn fẹ́ mọ irú ẹni tó jẹ́ ni. Ṣé Káńfíntà ni?

Ọmọ yín tí kò lè sùn.

*

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Keje

Màmá mi,

Lẹ́tà yín dé lánàá. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì ilé àyágbé mi kí n tó kọ èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò rí mi.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fi ojú mi tó ń wo ọ̀nà yín búra. Mo pè yín títí, ẹ ò gbé e. Mo wá pe Ìyá Oníbúrẹ́dì. Ó ní ara yín le, pé ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun níbẹ̀, mo sì ń gbọ́ ohùn yín lábẹ́lẹ̀. Mo ní kó gbé fóònù fún yín. Ó ní, "Ó ní kí n sọ fún ẹ pé òun ò sí nílé. Ó ní ṣebí ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni omi lé sí mi lójú.

Màmá, ẹ̀rọ ló sọ ọ́. Nígbà tí kò gbọ́ omi, ó kà á sí pé kò séèyàn. Bá a ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Mo ti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tiyín pé ẹ wà nílé, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọmọ tó wà lókè òkun ò lè borí ohun tí ẹ̀rọ gbọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní, mo bẹ̀ yín, ẹ dá mi lóhùn. Kí ló dé tí omi ò lọ?

Ọmọ yín ni, kò sẹ́lòmíì.

*

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹjọ

Màmá,

Ẹ ò tíì fèsì. Ìyá Oníbúrẹ́dì sọ fún mi pé ìjì ti ká páànù lórí ilé ìdáná yín, pé ẹ̀yin fúnra yín ò fara pa. Mo dúpẹ́. Ó ní àwọn oníṣọ́ránsì ti kọ̀, wọ́n ní ilé tó ṣófo ni. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n sì máa yọwọ́ pátápátá.

Mi ò tún ní sọ̀rọ̀ nípa àdéhùn. Ẹ kàn kọ ìlà kan péré sí mi, kó jẹ́ èébú pàápàá.

Ọmọ yín.

*

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án

Ọkọ mi,

Mo kí ẹ o, kíkí tó pọ̀ ni, torí mo jẹ ẹ́ ní gbèsè kíkí. Ìbínú mi ti rọ̀. Mo kó lẹ́tà rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, mo kà wọ́n tẹ̀léra. Nígbà tí mo dé ibi Káńfíntà, mo rẹ́rìn-ín débi pé Ìyá Oníbúrẹ́dì sáré wá wò mí. Káńfíntà tó máa ń sùn lọ kí o tó sọ gbólóhùn kan tán? Kí ni màá lọ fi í ṣe, kí n máa jí i?

Jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà fún ẹ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ìjì yẹn gba páànù mẹ́rin lórí ilé ìdáná, ọ̀kan nínú wọn sì lọ balẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì. Wọ́n bá mi fi ọ̀rá ńlá bò ó. Mo pe àwọn oníṣọ́ránsì. Ohùn kan ní kí n tẹ ení, kí n tẹ èjì. Mo tẹ̀ ẹ́ títí tí ó fi dá mi padà sí ení. Mo wá wọ aṣọ tí mo fi gba ìwé ìfẹ̀yìntì mi, mo gbé báàgì, ó di ọ́fíìsì wọn.

Gíláàsì ni gbogbo ara ibẹ̀, ó sì tutù bí inú fíríìjì. Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ọlọ́yàyà ló dá mi lóhùn. Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó wò ó, ó tún wò mí, ojú wá ń tì í. Ó ní, "Mà, ẹ̀rọ ní ẹ ò sí nílé."

Mo ní, "Òótọ́ ló sọ. Ṣebí ọ̀dọ̀ yín ni mo wà."

Ó tún tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo fìdí lé àga kan, mo ní mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, àmọ́ mi ò ní kúrò níbẹ̀ àyàfi tí èèyàn kan tó ní ẹsẹ̀ méjì bá máa tẹ̀ lé mi lọ wo ilé. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn ti sọ ilé mi ní òfìfo, kò sì sí ẹni tó yọjú wò ó nínú wọn. Àwọn tó wá sanwó bẹ̀rẹ̀ sí í wò wá. Ọ̀gá kan bá jáde, ó ní kí n má bínú, pé ayẹ̀léwò àwọn á wá lọ́jọ́ kejì.

Ó wá lóòótọ́. Ọkùnrin gíga kan ni, tó ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó wọ ilé ìdáná. Ó rí ibùsùn mi, ó rí aṣọ lórí okùn, ó rí ìkòkò tó ń hó. Ó wá rí àwọn korobá àti dúrọ́ọ̀mù tí mo tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, gbogbo wọn kún fún omi. Ó ṣí ẹ̀rọ omi, kò sí nǹkan tó jáde. Ó ní kí ló dé?

Wàyí o, ohun tí ò ń béèrè láti oṣù Keje náà nìyẹn. Ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ dé pé bí omi bá ṣe ń lọ níwọ̀nba tó ni owó á ṣe máa wálẹ̀, mo jókòó, mo rò ó. Mo kọ́kọ́ ń dín in kù. Lẹ́yìn náà mo ní, tí ìwọ̀nba bá dáa báyìí, tí kò bá wá lọ rárá ńkọ́? Bóyá àwọn gan-an ló máa máa sanwó fún mi. Mo ní kí ẹni tó ń tún páìpù ṣe wá tì í pa níbi tó ti wọlé. Omi ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu géètì, tí páìpù ò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ rẹ, ibẹ̀ ni mo ti ń pọn. Láàárọ̀, nírọ̀lẹ́, tòun ti orúnkún yìí.

Ayẹ̀léwò fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, ó wá ní kí n dárí ji òun, pé ìyá òun náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní gbogbo ohun tó lè mú kí omi má lọ ni àwọn rò sí, ẹni tó kú, ẹni tó kó lọ, ẹni tó rìnrìn àjò. Ó ní kò sẹ́ni tó ro ti ẹni tó ń gbìyànjú jù. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí. Wọ́n ti san ti òrùlé, Káńfíntà ti kan páànù tuntun, inṣọ́ránsì wà lórí ilé, ó sì dúró gbọin. Omi ti ń lọ. Mo fọ aṣọ lánàá bí ẹni tó bí ìbejì.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, kì í ṣe ti ẹ̀rín. Mo rò pé o tà mí. Mo sunkún lórí ẹ̀, mi ò sì ní fi pa mọ́ fún ẹ. Mo dá ẹ lẹ́bi kí n tó gbọ́ tẹnu rẹ, ìyẹn ò dáa, má bínú. Àmọ́ ìwọ náà, omi lo kọ́kọ́ bi léèrè pé níbo ni ìyá rẹ wà.

Ìyá rẹ.

*

Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹwàá

Màmá mi,

Ẹ kú ewu ìjì, ẹ kú orí ire. Mo ka lẹ́tà yín nínú ọkọ̀ ojú irin nígbà tí mò ń lọ síbi iṣẹ́. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí pé ṣé kò sí o, torí mò ń rẹ́rìn-ín mo sì ń nu ojú. Ohun tẹ́ ẹ sọ nígbẹ̀yìn, mo gbà á. Ẹ̀bi mi ni.

Mo bá àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀ bí mo ṣe wí. Lẹ́tà yín kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ mi nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ ni pé kí ẹ̀rọ máa dá pinnu, kí èèyàn yọwọ́ níbẹ̀. Mo dìde, mo wò wọ́n, mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo sì sọ ìtàn obìnrin kan tó ti omi pa torí kó lè jẹ́ oníbàárà tó dáa jù lọ lágbàáyé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀gá àgbà obìnrin ló kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sókè. Ó béèrè pé mélòó nínú àwọn tá a ti já sílẹ̀ pé ilé wọn ṣófo ló wà nílé. Wọ́n wá a nínú ìwé wọn, kò sí níbẹ̀. Ẹnì kan ní ta ni obìnrin náà. Mo ní ìyá mi ni.

Wọ́n ti fọwọ́ sí i. Láti ìsinsìnyí lọ, ilé tó bá dákẹ́, ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ yọwọ́ lórí ẹ̀ àyàfi tí èèyàn bá ti lọ kan ilẹ̀kùn. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ wa, ó gbọ́dọ̀ gba ti kíkan ilẹ̀kùn mọ́ ọn, tiyín náà sì ti gbà. Iṣẹ́ yìí ṣì máa dàgbà, Màmá. Owó á rọrùn fún ẹni tó bá ń tọ́jú ilé ẹ̀, a ó sì tún padà sí àwọn àdúgbò ẹ̀gbẹ́ odò tí wọ́n ń sá fún, torí nígbà tá a bá ń gbọ́ ìbàjẹ́ kó tó tóbi, kò ní sí ohun tá à ń bẹ̀rù bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọkàn mi balẹ̀ lórí ẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní ti àdéhùn wa, mo ti tú u. Yálà inṣọ́ránsì wà lórí ilé tàbí kò sí, ilé yín ni. Èmi ni màá wá bá yín lọ́dún tuntun. Tí mo bá sì fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ̀ lé mi, màá sọ ọ́ lójú yín, ẹ ó sì kọ̀ lójú mi.

Ọmọ yín.

*

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejìlá

Ọkọ mi,

Ilé kí ẹ, òrùlé tuntun kí ẹ. Wá lọ́dún tuntun, mo ti ń sá bẹ́ẹ̀dì yàrá iwájú sóòrùn. Màá kọ̀ lójú rẹ, bó o ṣe wí, ṣùgbọ́n béèrè ná. Ó wù mí kí n gbọ́ ọ.

Ìwọ lo fà á tí mo fi pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí òfin yín dé ìlú wa, wọn ò rí ẹni tó máa kan ilẹ̀kùn. Ayẹ̀léwò gíga yẹn tún wá bẹ̀rẹ̀ wọ ilé ìdáná mi, ó ní ṣé mo lè bá àwọn mójú tó ìhà ibí. Mo ní kí ni iṣẹ́ náà? Ó ní kí n máa kan ilẹ̀kùn àwọn èèyàn, kí n wò ó bóyá wọ́n wà níbẹ̀ ní àlàáfíà. Mo ní ọmọ mi, kí lo rò pé iṣẹ́ agbẹ̀bí jẹ́?

Wọ́n fún mi ní káàdì tí mò ń fi kọ́rùn. Ilé àkọ́kọ́ ṣófo lóòótọ́, àwọn onílé ti kó lọ, ẹ̀rọ rẹ ò parọ́. Ilé kejì, ìrìn àjò ni wọ́n lọ. Káńfíntà ń bá mi lọ nígbà mìíràn. Tí mo bá ti ń bá onílé sọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, á ti sùn lórí àga wọn.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n rán mi sí ilé Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, lẹ́yìn ilé ìwé. Ìyàwó rẹ̀ kú ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá. Àwọn ọmọ ti wá, wọ́n ti sìnkú, wọ́n ti padà sí ibi tí oníkálukú ti wá. Ẹ̀rọ ní omi ò lọ mọ́ nínú ilé náà. Mo kan ilẹ̀kùn, ó dákẹ́. Aládùúgbò ní kò sẹ́ni níbẹ̀, pé bóyá ọmọ kan ti mú un lọ. Mo fẹ́ padà. Mo wá ní rárá. Mo kan án bí mo ṣe máa ń kan án nígbà tí wọ́n bá sọ fún mi pé obìnrin ń rọbí níbì kan tí kò sì lè jẹ́ ìpè mọ́, àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi ń gbá a, mo sì ń sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń gbá a.

Ó ṣílẹ̀kùn. Ètè rẹ̀ ti gbẹ, aṣọ ọjọ́ ìsìnkú ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mi ò bi í ní nǹkan kan. Mo wọlé, mo bu omi fún un, ó mu ún. Mo bu òmíràn, ó mu ìyẹn náà. Mo gbé omi ìwẹ̀ kaná, mo ṣí fèrèsé, mo wá jókòó sí ìdojúkọ rẹ̀. Mo mọ ìjókòó yẹn. Lẹ́yìn tí bàbá rẹ kú, èmi náà jókòó bẹ́ẹ̀, kí Ìyá Oníbúrẹ́dì tó wá fipá ṣílẹ̀kùn. Mi ò sọ ọ́ fún ẹ rí, torí ọ̀nà rẹ jìn, mi ò fẹ́ kó o dààmú.

Oòrùn ti ń lọ sílé kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun rò pé gbogbo ayé ti gbàgbé pé òun wà níbẹ̀. Ó wo káàdì ọrùn mi, ṣùgbọ́n kò rí i kà. Ó ní, "Ta ló rán ẹ wá?"

Mo ní, "Ọmọ mi ni."

Ìyá rẹ.